Eré Ni Ó Tán: Ọ̀rẹ́ Ìgbà Èwe nínú Ìwé Sefi Atta àti ti Toni Morrison

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ogún ọmọdé kì í ṣeré fún ogún ọdún. Òwe yìí kì í wọ́n níbi ìpínyà. Bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá ń jáde ilé-ẹ̀kọ́, a ó gbọ́ ọ. Bí wúńdíá bá ń lọ sí ilé ọkọ tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń sunkún, ìyá arúgbó kan yóò fi pa wọ́n lẹ́nu mọ́. Ó ti wá di òwe ìtùnú tí a fi ń sọ fún ẹni tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti fi sílẹ̀ pé bí ayé ti rí nìyẹn, kí ó má wulẹ̀ da ara rẹ̀ láàmú. Ṣùgbọ́n bí a bá fi ojú lámèyítọ́ wo òwe náà, ohun tí ó sọ kéré sí ohun tí a máa ń fi í sọ. Kò wí pé ogún ọmọdé kì í ṣọ̀rẹ́ fún ogún ọdún. Eré ni ó dárúkọ, eré náà sì ni ó ní ó máa ń tán. Kò sọ ẹni tí ó fòpin sí eré ọ̀hún, bẹ́ẹ̀ ni kò sọ ìdí tí ẹnì kan fi dìde níbẹ̀ ṣáájú ẹnìkejì rẹ̀.

Ibi tí òwe náà dákẹ́ sí gan-an ni àwọn ìwé ìtàn àròsọ méjì kan ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ tiwọn. Èkíní ni Everything Good Will Come, tí Sefi Atta, ọmọ tí a bí sí Èkó ní 1964, kọ, tí ó jáde ní 2005, tí ó sì gba ẹ̀bùn lítíréṣọ̀ ilẹ̀ Áfíríkà tí a fi sọrí Wọlé Ṣóyínká ní 2006, nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ fún ènìyàn ní ẹ̀bùn náà. Èkejì ni Sula, tí Toni Morrison ará Amẹ́ríkà kọ ní 1973, ogún ọdún gééré ṣáájú kí ó tó gba ẹ̀bùn Nobel. Ọmọbìnrin méjì ni ó wà nínú ìwé kọ̀ọ̀kan. Wọ́n pàdé nígbà èwe, wọ́n di kòríkòsùn, nígbà tí ara wọn sì ń di ara àgbà ni nǹkan wọ àárín wọn. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a fi kọ ìwé méjèèjì, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ kì í ṣe àjèjì sí ẹ̀ka Yorùbá rárá, nítorí pé ó jẹ́ ọ̀rọ̀ tí lítíréṣọ̀ èdè Yorùbá fúnra rẹ̀ kò tíì fi bẹ́ẹ̀ fún láyè.

Kì í ṣe pé èdè Yorùbá kò ní ọ̀rọ̀ fún ọ̀rẹ́. Olùkù wà, ọ̀rẹ́ kòríkòsùn wà fún àwọn méjì tí kò lè sùn láìfojú kan ara wọn, ọ̀rẹ́ ìmùlẹ̀ sì wà fún àwọn tí wọ́n ti fi májẹ̀mú de ara wọn pọ̀. Ohun tí ó ṣọ̀wọ́n ni ìtàn ọ̀rẹ́ tí ó pínyà láìsí ọ̀dàlẹ̀. Nínú àlọ́ Ìjàpá, bí ọ̀rẹ́ méjì bá tú ká, ọ̀kan ni yóò ti rẹ́ ẹnìkejì jẹ. Òǹgbọ́ àlọ́ kì í sì í wá ẹlẹ́bi rẹ̀ jìnnà. Nínú ìtàn àwọn ọ̀rẹ́ méjì tí oko wọn bára wọn pààlà, tí Èṣù dé fìlà aláwọ̀ méjì kọjá láàrin wọn, àwọn méjèèjì kò jẹ̀bi, ṣùgbọ́n Èṣù wà níbẹ̀ tí a lè na ìka sí. Àwọn ọdẹ tí Fágúnwà kó jọ lọ sí Òkè Lángbòdó nínú Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmọlẹ̀ ní 1938 ti di géńdé kí wọ́n tó mọ ara wọn. Akọni ni wọ́n, alájọrìn ni wọ́n, a kò sì mọ ẹni tí wọ́n bá ṣeré nígbà tí wọ́n wà ní kékeré. Ọ̀rẹ́ ọmọdé méjì tí wọn kò jà, tí wọn kò da ara wọn, síbẹ̀ tí wọ́n ṣáà dédé di ẹni tí ń kí ara wọn láti ojú títì, kò ní ìjókòó gidi kan nínú àwọn ìtàn wọ̀nyí.

Síbẹ̀, àwọn àgbà fúnra wọn kò fi gbogbo ara gba òwe wọn gbọ́. Ní Ìjẹ̀bú, wọ́n dá regbéregbé sílẹ̀ kí àwọn tí a bí ní ìwọ̀n àkókò kan náà lè wà papọ̀ títí di ọjọ́ ogbó. Ẹni tí ó bá wo Ojúde Ọba ní ọjọ́ kẹta Iléyá yóò rí àwọn bàbá àti ìyá onírun funfun tí wọ́n wọ aṣọ kan náà, tí wọ́n ń jó kọjá níwájú ààfin. Ìlú tí ó bá gbà tọkàntọkàn pé eré ọmọdé kò gbọdọ̀ pẹ́ kò ní ṣe wàhálà tó báyìí láti mú un pẹ́. (A gbà pé owó aṣọ ẹgbẹ́ náà kì í ṣe ti gbogbo ènìyàn, àti pé ẹgbẹ́ kì í ṣe ọ̀rẹ́, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn.) Ohun tí a fẹ́ fà yọ ni pé ìpínyà àwọn ọ̀rẹ́ ìgbà èwe kì í ṣe ohun tí ó máa ń ṣẹlẹ̀ fúnra rẹ̀ bí òjò. Ọwọ́ ènìyàn máa ń wà níbẹ̀. Ìwé Atta sì fi àwọn ọwọ́ náà hàn kedere.

Ìtàn Atta bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní 1971, ọdún kan lẹ́yìn tí ogun abẹ́lé parí. Ọmọ ọdún 11 ni Ẹnìtàn Táíwò nígbà náà. Lọ́yà ni bàbá rẹ̀; ìyá rẹ̀ sì ti fi gbogbo ara fún ìjọ kan; àrùn fòníkú-fọ̀ladìde ti pa ọmọ rẹ̀ ọkùnrin. Bàbá kò dárí ikú ọmọ náà ji ìyá, ìyá kò sì bá bàbá sọ ohun tí ó wà ní ọkàn rẹ̀. Ẹ̀bá ọ̀sà ni ilé náà wà, ilé tí ó dákẹ́ rọ́rọ́. Ní ìkejì wọn ni ilé Olóyè Bákàrè, Mùsùlùmí oníyàwó púpọ̀. Níbẹ̀ ni Sheri wà, ọmọ tí òyìnbó obìnrin bí fún Olóyè, ṣùgbọ́n tí ìyá-bàbá rẹ̀, Àlàájà, ń tọ́ láàrin àwọn ìyàwó àti ọmọ rẹpẹtẹ. Ọgbà òdòdó ni ó pààlà ilé méjèèjì. Sheri ni ó yọjú láti ara rẹ̀.

Ọnà àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí á kan sárá sí òǹkọ̀wé fún wà níhìn-ín. Kò fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún wa pé àwọn ọmọ náà fẹ́ràn ara wọn. Ó fi ohun tí ọ̀kan ní tí èkejì kò ní hàn wá. Ní ilé aláriwo tí Sheri ti wá, kò sí ohun tí ó pamọ́: obìnrin ń bímọ, obìnrin ń jà, obìnrin ń sọ̀rọ̀ ọkọ lójú àwọn ọmọ. Ní ilé Ẹnìtàn, gbogbo nǹkan ni ó pamọ́, títí kan ìbànújẹ́. Nítorí náà, nígbà tí Sheri ṣí ẹnu sọ̀rọ̀ nípa bí ara obìnrin ti ń ṣe, òun ni ó di olùkọ́ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀, nítorí pé kò sí àgbàlagbà kankan ní ilé Táíwò tí yóò sọ ọ́. Ohun tí ọ̀rẹ́ ìgbà èwe máa ń ṣe fún ọmọ ènìyàn nìyí: ó máa ń bá a rí ilé mìíràn yàtọ̀ sí tirẹ̀. Ọmọ tí kò rí ju ilé kan lọ yóò rò pé bí ilé tiwọn ti rí ni gbogbo ayé rí.

Ìyá Ẹnìtàn mọ èyí, ìdí sì nìyẹn tí kò fi fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn Bákàrè. Ó yẹ kí á ṣe àkíyèsí pé ìyá yìí kò tíì rí ìwà burúkú kan lọ́wọ́ Sheri kí ó tó ka ilé náà léèwọ̀. Ilé ni ó kà léèwọ̀, kì í ṣe ọmọ. Ẹ̀sìn wọn, ọ̀pọ̀ ìyàwó ibẹ̀, ariwo wọn: àwọn wọ̀nyí ni ẹ̀sùn. Bí ìwé náà ti ń lọ ni ẹ̀sùn tí a fi kan ilé di ẹ̀sùn tí a fi kan ara ọmọbìnrin kan.

Ilé-ẹ̀kọ́ ni ó kọ́kọ́ yà wọ́n, èyí kò sì yani lẹ́nu. Láti 1955 tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ fún àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, kò sí àdúgbò kan ní ilẹ̀ Yorùbá tí kò mọ bí ìdánwò àbáwọlé ti ń là àárín ọ̀rẹ́: ọ̀kan gba àpótí lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ girama, èkejì gba ọ̀dọ̀ ọ̀gá lọ kọ́ṣẹ́ aránṣọ. Ti àwọn ọmọ Atta rọrùn ju èyí lọ, nítorí ọmọ olówó ni àwọn méjèèjì. Ẹnìtàn lọ gbé ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin, lẹ́tà sì ń lọ, ó ń bọ̀. Bí ìtàn náà bá parí síbẹ̀, à bá pa òwe ogún ọmọdé, à bá sì lọ sùn.

Kò parí síbẹ̀. Ní 1975, níbi àríyá àwọn ọ̀dọ́ kan ní ọgbà ìgbafẹ́ Ìkòyí, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin kan fipá bá Sheri lò pọ̀ nínú ọkọ̀. Ẹnìtàn ni ó rí wọn. Òun ni ó mú ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ sí ilé, tí ó sì bá a wẹ ara rẹ̀. Àwọn méjèèjì kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tí oyún ìṣẹ̀lẹ̀ náà yọjú, Sheri gbìyànjú láti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣẹ́ ẹ, ó sì fi bẹ́ẹ̀ ba ilé ọmọ rẹ̀ jẹ́ títí láé. Ìgbà náà ni àwọn àgbà tó gbọ́. Ohun tí wọ́n ṣe sì gba àkíyèsí: ìyá Ẹnìtàn mú ọmọ tirẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì fún ìwẹ̀nùmọ́, lẹ́yìn náà ni wọ́n fi í ránṣẹ́ sí ilé-ẹ̀kọ́ ní England. Àwọn ọmọkùnrin wọ̀nyẹn ńkọ́? Kò sí ẹni tí ó mú wọn lọ síbi ìwẹ̀nùmọ́ kankan.

Ibi tí ìwé yìí ti ga jù lọ kì í ṣe níbi ìwà ipá náà, bí kò ṣe nínú ọkàn Ẹnìtàn lẹ́yìn rẹ̀. Ọmọ náà dá ọ̀rẹ́ rẹ̀ lẹ́bi. Sheri mu igbó pẹ̀lú àwọn ọmọkùnrin, Sheri pẹ́ níbi àríyá, Sheri kò bẹ̀rù. Lójú ọmọ ọdún bí 15 náà, irú ọmọbìnrin bẹ́ẹ̀ ni irú nǹkan bẹ́ẹ̀ máa ń ṣẹlẹ̀ sí. Òǹkọ̀wé tí kò láyà ni ìbá fi èrò yìí sí ẹnu ìyá tàbí ti aládùúgbò kan, kí akọni-bìnrin ìtàn náà lè mọ́ lójú òǹkàwé. Atta fi í sí inú ẹni tí ó ń sọ ìtàn, ẹni tí ó fẹ́ràn Sheri jù lọ. Ọjọ́ yẹn ni eré tán láàrin wọn. Kì í ṣe ọkọ̀ òfurufú tí ó lọ sí England ni ó pín wọn níyà. Ohun tí ó pín wọn níyà ni pé ọ̀kan ti gba ẹjọ́ àwọn àgbà gbọ́ nípa èkejì, kò sì lè wo ojú rẹ̀ mọ́ láìrí ẹjọ́ náà níbẹ̀.

Ó ṣeé ṣe kí òǹkàwé kan ka ìwé yìí kí ó sì kọ sínú àròkọ rẹ̀ pé ẹ̀kọ́ inú ìtàn náà ni pé ẹgbẹ́ burúkú a máa ba ìwà rere jẹ́. Ọwọ́ ẹni ti mọ́ irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀. Àlọ́ ni a ti kọ́ ọ: gbogbo ìtàn gbọ́dọ̀ fi ẹnì kan hàn tí kò yẹ kí á fìwà jọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ka ìwé náà báyìí ti jókòó sórí àga ìyá Ẹnìtàn láìmọ̀. Ó ti gba ohun tí òǹkọ̀wé gbé kalẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àìsàn, ó ti mú un lò gẹ́gẹ́ bí oògùn. Ọ̀rọ̀ yìí kò mọ sí orí ìwé nìkan. Púpọ̀ nínú àwọn tí ń kàwé ní kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ni yóò dúró níwájú kíláàsì àwọn ọmọ ọdún 13 tàbí 14 láìpẹ́ ọjọ́. Bí olùkọ́ bá na ìka sí Sheri pé òun ni ọ̀rẹ́ burúkú, ó ṣeé ṣe kí ọmọ kan wà ní ìjókòó ẹ̀yìn tí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí, tí yóò gbọ́ ìdájọ́ ara rẹ̀. Ọ̀rẹ́ ọmọ náà, tí ó jókòó tì í, yóò gbọ́ ọ pẹ̀lú.

Bí a bá gbé Sula sí ẹ̀gbẹ́ ìwé yìí, ohun méjì yóò hàn sí wa ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ìlú Medallion ní ìpínlẹ̀ Ohio ni ibùdó ìtàn Morrison, ní àdúgbò àwọn ènìyàn dúdú tí ó wà ní orí òkè, tí wọ́n sì ń pè ní Bottom, ìyẹn ìsàlẹ̀. Àwàdà kíkorò ni orúkọ náà. Ọmọ ọdún 12 ni Nel àti Sula ní 1922. Níhìn-ín náà, ilé méjì tí kò jọra ni: ilé ìyá Nel mọ́ tónítóní, kò sì sí ẹni tí í rẹ́rìn-ín níbẹ̀, ilé ìyá-ńlá Sula, Eva ẹlẹ́sẹ̀ kan, sì kún fún yàrá, àlejò àti wàhálà. Nel fẹ́ràn ariwo ilé Sula. Sula fẹ́ràn ìdákẹ́jẹ́ ilé Nel. Atta àti Morrison kò gbé ìlú kan náà, wọn kò sì kọ̀wé ní ìran kan náà, síbẹ̀ ẹnu wọn kò lórí èyí.

Ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ ni ọ̀rọ̀ àṣírí. Àwọn ọmọ Morrison náà ní àṣírí tiwọn: ọmọkùnrin kékeré kan tí Sula ń fì yíká bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ sínú odò, ó sì kú, Nel sì ń wò. Wọn kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n àṣírí yìí kò yà wọ́n. Ó tún so wọ́n pọ̀ ni fún ọdún díẹ̀ sí i. Kí ló dé tí àṣírí odò fi so àwọn kan pọ̀, tí àṣírí ọkọ̀ sì tú àwọn kan ká? Ìdáhùn kan ni pé nínú ìtàn Morrison, àwọn méjèèjì ni ó ní ẹ̀bi náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Nel yóò máa tan ara rẹ̀ jẹ fún ogójì ọdún pé òun kò ṣe ohunkóhun. Nínú ìtàn Atta, àwọn méjèèjì kò jẹ̀bi. Ẹlẹ́ṣẹ̀ wà níta, ó ń rìn fàlàlà. Ẹ̀bi tí kò rí olówó rẹ̀ mú, àárín àwọn ọmọbìnrin méjì náà ni ó já sí.

Ìgbéyàwó ni ó parí eré fún àwọn ti Morrison. Ní 1927, Nel fẹ́ Jude. Sula kúrò ní ìlú lẹ́yìn ìgbéyàwó náà, kò sì padà títí di ọdún mẹ́wàá. Nígbà tí ó dé, ó bá ọkọ Nel sùn, ọkọ sì fi Nel sílẹ̀. Ẹni tí ó bá fi ojú àlọ́ wo ìyẹn yóò sọ pé ọ̀dàlẹ̀ ọ̀rẹ́ ni Sula, ọ̀rọ̀ sì parí. Morrison kò gbà kí ó parí. Sula kú ní 1940. Ní 1965, lẹ́yìn tí Nel ti darúgbó díẹ̀, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé ẹni tí òun ti ń ṣàárò rẹ̀ láti ìgbà yìí wá kì í ṣe ọkọ, bí kò ṣe ọ̀rẹ́. Ọdún 25 ni ó gbà kí omijé kan tó mọ ibi tí ó ń lọ. Òǹkọ̀wé díẹ̀ ni ó ní sùúrù tó báyìí pẹ̀lú ẹ̀dá-ìtàn.

Bí a bá wá béèrè ìdí tí ìwé Morrison fi wọ̀ni lára ju ti Atta lọ ní ìparí, ìdáhùn rẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ asọ̀tàn. Asọ̀tàn Morrison wọ inú Nel, ó sì wọ inú Sula. Ó tẹ̀ lé Sula títí dé orí ibùsùn ikú. Ẹnìtàn ni ó ń sọ ìtàn Atta láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Orúkọ rẹ̀ gan-an ti sọ ọ́: ẹni tí ó ni ìtàn. Sheri, ẹni tí ìyà jẹ, kò ní ìtàn. Ohun tí Ẹnìtàn bá rí nìkan ni a ń rí. Kí ni Sheri rò nígbà tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ wà ní òkè òkun? Ṣé ó mọ̀ pé Ẹnìtàn dá òun lẹ́bi? Bí ó bá mọ̀, kí ni ó fi ìmọ̀ náà ṣe? Ìwé náà kò lè sọ fún wa. Ẹnì kan lè wí pé ọgbọ́n ni èyí, pé bí ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ tí ó sọnù ti rí nìyẹn, a kì í mọ ìhà tirẹ̀. Àwíjàre náà lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ ní ìlàjì àkọ́kọ́ ìwé náà. Kò fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní ìlàjì kejì.

Nítorí ní ìlàjì kejì, àwọn ọ̀rẹ́ náà tún pàdé. Ẹnìtàn ti di agbẹjọ́rò, ó ti padà sí Èkó. Sheri wà lábẹ́ ọkùnrin ológun olówó kan tí ó ti ní ìyàwó nílé. Wọ́n tún di ọ̀rẹ́, kò sì pẹ́ rárá. Níbí ni òǹkọ̀wé ti sáré. Ọdún bíi mẹ́wàá ni wọn kò fi rí ara wọn, ẹjọ́ tí Ẹnìtàn dá sì ṣì wà nílẹ̀, ṣùgbọ́n ìwé náà fò ó kọjá bí ẹni fo kòtò omi, ó kọjú sí ìgbéyàwó Ẹnìtàn, sí ìjọba ológun àti sí bàbá tí wọ́n gbé lọ sí àtìmọ́lé. Àwọn ọ̀rọ̀ ńlá ni ìwọ̀nyẹn, Atta sì mọ̀ wọ́n kọ. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà lọ, Sheri di dígí tí Ẹnìtàn ń wo ara rẹ̀ nínú rẹ̀: ẹni tí kò lè bímọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tí ń wá ọmọ, ẹni tí ó já ara rẹ̀ gbà lọ́wọ́ ọkùnrin lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tí ọkọ ń kó lọ́kàn sókè. Ẹ̀dá-ìtàn tí ó kún fún ìyè tó Sheri ì bá ní ju iṣẹ́ dígí lọ.

Síbẹ̀, ohun kan wà nínú ìpàdé kejì náà tí ó tọ́, bóyá òǹkọ̀wé pète rẹ̀ tàbí kò pète rẹ̀. Ohun tí wọ́n padà ní kì í ṣe eré. Sheri ń se oúnjẹ tà pẹ̀lú àwọn ènìyàn ilé wọn. Inú iṣẹ́ àti ìkòkò ni Ẹnìtàn ti máa ń bá a. Ọ̀rọ̀ wọn ti ní ìdádúró nínú. Ọ̀kan mọ ohun tí kò gbọdọ̀ bi èkejì. Ẹni tí ó bá ti pàdé ọ̀rẹ́ ìgbà èwe rẹ̀ lẹ́yìn ọdún púpọ̀ yóò mọ irú ìṣọ́ra yìí, tí ó jọ ti ẹni tí ó wọ ilé tí ó ti gbé rí, tí àwọn àga ibẹ̀ kò sì sí ní àyè wọn mọ́. Òwe sọ òótọ́ dé ìwọ̀n yìí: eré tán. Ọ̀rẹ́ ni kò tán, ó kàn di nǹkan mìíràn tí kò ní orúkọ.

Ó kù ọ̀rọ̀ èdè. Ọmọ Yorùbá ni àwọn ọmọ méjèèjì, Èkó ni wọ́n ti ṣeré, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ni a fi gbọ́ wọn. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ túmọ̀ ìwé yìí sí èdè Yorùbá, ibi tí yóò ti kọ́kọ́ kọsẹ̀ ni ọgbà Ìkòyí. Èdè wa ní ọ̀nà méjì tí a fi ń sọ irú ọ̀ràn bẹ́ẹ̀. Ọ̀kan ni pé wọ́n ti ba ọmọ náà jẹ́, tí kì í pẹ́ di pé ọmọ náà ti bàjẹ́. Bí a bá ti sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, àwọn tí ó ṣe é ti fi gbólóhùn sílẹ̀ lọ, ọmọ nìkan ni ó kù nínú rẹ̀ pẹ̀lú àbùkù. Èkejì ni pé wọ́n fipá bá a lò pọ̀. Nínú èyí, àwọn tí ó ṣe é kò lè kúrò nínú gbólóhùn náà, ipá wọn sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú wọn. Atúmọ̀ èdè tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kò ní mú ọ̀kan kí ó sì fi ìkejì sílẹ̀. Yóò fi ti àkọ́kọ́ sí ọkàn Ẹnìtàn ní 1975, nígbà tí ó ń bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ wẹ̀ tí kò sì lè wo ojú rẹ̀. Ti ìkejì ni yóò fi pamọ́ títí di ìgbà tí Ẹnìtàn yóò dàgbà, tí yóò sì mọ̀ ọ́n sọ.